Ọjọ́ Tí A Dá fún Òkú Tó Ti Wọlẹ̀

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo ti dé láti Èkó. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti wá kí mi; ẹ jókòó, ẹ wo ojú mi, ẹ mu omi, ẹ sì lọ láì bèèrè ohun tó wà lọ́kàn yín. Mo rí i pé ẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà ń bà yín. Èmi náà, ẹnu mi kò lè máa sọ ọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ mọ Fẹ́mi ọmọ mi. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún mi. Nígbà tó jáde ìwé mẹ́wàá ló lọ kọ́ṣẹ́ títún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní Èkó. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ Ràmọ́tá, ọmọ Àlàájì Tìjání tó ń ta aṣọ ní Jànkárà. Ibẹ̀ náà ló ti gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù tí wọ́n sì ń pè é ní Súlèmánù. N kò bá a jà. Mo ní bó kírun, bó kọrin, Fẹ́mi náà ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Àlàájì pè mí lórí fóònù. Ó ti ń sunkún kó tó la ẹnu. Ó ní Fẹ́mi ṣubú lulẹ̀ nídìí iṣẹ́, pé kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, Ọlọ́run ti gbà á. Ó ní kí n tètè máa bọ̀. Mo ní kí wọ́n gbé e sí mọ́ṣúárì, pé à ń bọ̀ wá gbé e. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ná." N kò gbọ́. Mo pa fóònù, mo lọ pe ẹbí jọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà la ṣèpàdé nílé mi. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ẹbí jókòó, ìjọ jókòó, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rán èèyàn wá. A kó gbogbo fóònù sínú yàrá kí ariwo má baà da ọ̀rọ̀ rú. Ẹ rántí bí a ṣe jiyàn. Ẹgbẹ́ akọrin ní àwọn kò ní ráyè títí ìkórè yóò fi parí. Àwọn ìyá ìjọ ní òjò á ti dín kù nígbà náà. Ẹnìkan ní ká kun ilé kí àlejò tó dé. Níkẹyìn a fẹnu kò sí ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù tó ń bọ̀, a gbàdúrà sí i, a túká. Ìbànújẹ́ bá mi, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀ lórí ohun kan: Fẹ́mi á sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, nínú ọgbà wa. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí mo lè ṣe fún un nìyẹn, òun náà sì ni mo torí ẹ̀ gbọ̀nà Èkó.

Nígbà tí mo mú fóònù lálẹ́, mo rí i pé Àlàájì ti pè mí léraléra. Mo pè é padà, kò wọlé. Mo ní kò burú, ojú la ó fi rí ara wa lọ́la.

Ìsàlẹ̀ Èkó

Ọ̀jọ́ àbúrò mi ló bá mi lọ. Àwa méjèèjì wọ aṣọ dúdú. Mo gbé àpótí kékeré kan lọ́wọ́, kóòtù funfun ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ìbọ̀sẹ̀, èyí tí a ó fi múra fún Fẹ́mi. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí a bọ́ sílẹ̀ ní Èbúté Èrò. Àpò àlùbọ́sà àti agbọ̀n ẹja gbígbẹ kún ojú ọ̀nà, àwọn èèyàn ń sáré bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa láì wo ojú wa. Mo ti lọ sí Èkó rí, ṣùgbọ́n n kò tíì ṣe àlejò níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Obìnrin kan tó ń to àlùbọ́sà ló rí wa. Ó ní, "Dádì, ta lẹ ń wá?" Mo ní ilé Àlàájì Tìjání. Ó wo aṣọ dúdú wa, ó wo àpótí. Ó ní, "Áà! Ṣé ẹ̀yin lẹ bí Súlè oní-máṣíìnì?" Kí n tó dáhùn, ó ti gba àpótí lọ́wọ́ mi, ó gbé e rù. Ó fi àlùbọ́sà rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ṣáájú wa wọ inú àwọn òpópónà tóóró náà. Bó ṣe ń lọ ló ń kígbe fún àwọn tó jókòó síta pé bàbá Súlè nìyí o. Gbogbo wọn ń dìde dúró. Wọ́n ń sọ ohun kan náà ní èdè Lárúbáwá: "Ìnnálílàhí wa ìnná ìlẹ́hì ráájíúùn." Mo bi obìnrin náà kí ni wọ́n ń wí. Ó ní, "Wọ́n ní ti Ọlọ́run ni wá, ọ̀dọ̀ ẹ̀ la máa padà sí." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dára létí mi. N kò tíì mọ̀ pé wọ́n ti dá a padà.

Inú agbo ilé náà dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí àtíbàbà, kò sí fọ́tò ńlá tí wọ́n gbé sí ẹnu ọ̀nà, kò sí orin. Àwọn ọkùnrin jókòó lórí ẹní, wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà. Mo wí fún Ọ̀jọ́ pé ó dà bí ẹni pé wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun. Àlàájì dìde, ó dì mọ́ mi, ó sunkún sí mi léjìká. Wọ́n fún wa ní omi. Ọ̀jọ́ kò lè dúró. Ó fẹ́ jíṣẹ́ tí ẹbí rán an. Ó dìde, ó tún fìlà ṣe, ó ní, "Alájì, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀." Obìnrin kan láti ẹ̀yìn ní, "Ìwọ kẹ̀! Alájì lẹ ń pè ní ìwọ?" Ẹ̀yin mọ̀ pé bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ní Ìkọ̀lé nìyẹn, a kì í fi ṣe àfojúdi. Ọ̀jọ́ kò tilẹ̀ gbọ́ obìnrin náà. Ó ní ẹbí ti jókòó, ìjọ ti fọwọ́ sí i, ó sì dárúkọ ọjọ́ Ẹtì tí a mú. Ó ní kí wọ́n fi òkú hàn wá.

Àwọn ọkùnrin orí ẹní ń wo ilẹ̀. Àlàájì mú mi lọ́wọ́, ó mú mi jókòó, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì wá. Àná la sin ín. Lẹ́yìn ìrun Alásárì."

Mo ní, "Láìsí èmi?"

Ó ní, "A dúró dè yín. Lẹ́yìn ìrun Àìlá, ìyẹn tọ̀sán, ló yẹ ká ti sin ín. Mo bẹ lèmọ́mù títí wọ́n fi sún un sí ìrọ̀lẹ́. Mò ń pè yín, mò ń pè yín. Ẹ̀sìn wa ò gbà kí òkú ó pẹ́ nílẹ̀."

Nígbà náà ni mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àkókò tí à ń jiyàn nítorí ìkórè àti ọ̀dà ilé, ni wọ́n ń wẹ ọmọ mi. Mo ké. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé n kò sunkún níta nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mo ké bí ọmọdé lójú àwọn tí n kò mọ̀ rí.

Gábàsì

Ní ọjọ́ kejì, lèmọ́mù àdúgbò náà mú wa lọ sí itẹ́ òkú. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó sì kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Lójú ọ̀nà ni mo bèèrè ohun tí wọ́n ṣe fún Fẹ́mi, òun náà sì sọ ọ́ fún mi lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀. Ó ní jànásà ni ìrun tí wọ́n ń kí sí òkú lára, pé ìnàró ni wọ́n ń kí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ìtẹ̀ba, kò sí ìforíkanlẹ̀. Mo bi í pé ta ló ṣáájú. Ó ní, "Ẹ̀tọ́ bàbá òkú ni, bí bàbá bá jẹ́ Mùsùlùmí. Èmi ni mo ṣe é, Bàbá."

Ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú náà la ti pàdé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó rí aṣọ dúdú wa. Ó wí fún lèmọ́mù pé kí kèfèrí má lọ kúnlẹ̀ lórí sàréè o. Lèmọ́mù jágbe mọ́ ọn, ó sì bẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọlé. Ọdún mélòó ni mo ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Èmi fúnra mi mọ ẹni tí mò ń pè ní kèfèrí: àwọn tó ń bọ igi, àwọn tó ń bọ òkúta. Mo bi lèmọ́mù ohun tó túmọ̀ sí lọ́dọ̀ wọn. Ó ní ẹni tí wọ́n fi òtítọ́ hàn tó kọ̀ ọ́ ni. Mo ní ṣé èmi náà wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, Ọlọ́run ló mọ inú ẹ̀dá." Mo mọ̀ pé ìdáhùn kọ́ nìyẹn, òun náà sì mọ̀.

Òkìtì yẹ̀pẹ̀ ni mo bá. Kò sí símẹ́ńtì, kò sí òdòdó, pátákó kékeré kan ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Mo bèèrè pé pósí wo ni wọ́n fi sin ín. Kò sí pósí. Aṣọ funfun ni wọ́n fi wé e, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ lélẹ̀, wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí gábàsì. Mo ní ibo ni gábàsì. Lèmọ́mù na ọwọ́ sí ìlà oòrùn, sí apá òkè díẹ̀. Mo wo ibi tó nà án sí, mo ronú ọ̀nà tí a gbà wá, mo sì wí fún Ọ̀jọ́ pé ọ̀nà ilé wa náà nìyẹn, pé Fẹ́mi ń wo Ìkọ̀lé. Ọ̀jọ́ ní, "Mẹ́kà ló ń wò. Má tan ara rẹ." Mo fẹ́ gbá a létí, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. N kò mọ bí a ṣe ń gbàdúrà sí ibojì ọmọ tí kì í ṣe ti ìjọ mi. Mo kàn dúró. Mo di àpótí kóòtù náà mú títí apá fi ń ro mí.

Tinúbú

Ọ̀jọ́ ní a kò gbọdọ̀ gbà. Ó mú mi lọ bá ọmọ ìlú wa kan tó jẹ́ lọ́yà, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà nítòsí Tinúbú, láàárín àwọn báǹkì gíga wọ̀nyẹn. Inú ọ́fíìsì náà tutù débi pé eyín mi ń gbá ara wọn. Ó gbé ohun mímu tútù fún wa, ó pè wá ní Bàbá Kékeré àti Bàbá Àgbà, ó sì tẹ́tí sí wa. Mo bèèrè bóyá a lè wú Fẹ́mi ká gbé e lọ sílé.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Kò rọrùn. Ìyàwó ni kóòtù máa kọ́kọ́ bi. Tíyàwó bá fọwọ́ sí i, a lè try. Tí ò bá fọwọ́ sí i, ẹ máa lọ-bọ̀ títí ó fi máa sú yín."

Ọ̀jọ́ dìde pẹ̀lú ayọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ti tán, ìyàwó wa ni, kò lè kọ̀ sí bàbá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, ìrètí kékeré kan sì wọ inú mi. Ó dùn mí báyìí pé mo jẹ́ kó wọlé.

Yàrá Ràmọ́tá

Ràmọ́tá wà nínú tákàbà. Ìyẹn ni ìjókòó tí opó ń jókòó sínú ilé fún oṣù mélòó kan, kò ní ṣe ọ̀ṣọ́, kò ní jáde kiri láìnídìí, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin kankan kò gbọdọ̀ wá dá ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo rò pé wọn kò ní jẹ́ kí n wọlé. Ìyá rẹ̀ ní kí n wọlé tààrà. Ó ní, "Ẹ̀yin ò lè fẹ́ ẹ láé, ẹ̀ báà jẹ́ pé ọkọ ti kú. Bàbá ẹ̀ lẹ jẹ́ títí ayé." N kò mọ̀ pé ẹ̀sìn wọn fún mi ní irú ipò bẹ́ẹ̀. Òun nìkan ni ilẹ̀kùn tó ṣí fún mi ní gbogbo Èkó.

Ọmọ náà ti rù. Ó kúnlẹ̀ gan-an, kò sì fẹ́ dìde. Mo ní kó jókòó. Àwo ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja tí wọ́n gbé fún un wà nílẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí pé kí n jẹun, pé òun gbọ́ pé láti ìgbà tí mo ti dé, omi nìkan ni mò ń mu. Mo bu òkèlè méjì nítorí rẹ̀, òun náà bu méjì nítorí mi.

Lẹ́yìn náà ni mo sọ ohun tí mo wá sọ. Mo sọ̀rọ̀ ìyá Fẹ́mi fún un, mo sọ ti ọgbà wa, mo sọ ohun tí lọ́yà wí. Ó gbọ́ tán, kò gbé ojú sókè.

Ó ní, "Dádì, tí ẹ bá ní kí n fọwọ́ sí i, màá fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin lẹ bí i. Mi ò lè fi bàbá ẹ̀ dù ú."

N kò retí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti múra ìjà sílẹ̀.

Ó ní, "Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ọwọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n mi ló wẹ̀ ẹ́. Wọ́n fi lọ́fínńdà sí i, wọ́n dì í jẹ́jẹ́. Tí wọ́n bá máa tú u, ẹ má jẹ́ kí àjèjì tú u. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ṣí ojú ẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín."

Mo gbìyànjú láti rí ara mi níbẹ̀. Ọjọ́ tí kóòtù á fi gbà, oòrùn Èkó, ilẹ̀ tútù yẹn. Mo gbé ọwọ́ mi sókè, mo wò ó. Ọwọ́ yìí ni mo fi gbé e lọ ṣe ìsọmọlórúkọ. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kò lè ṣe é. Mo ní, "Ràmọ́tá, má fọwọ́ sí nǹkan kan." Ó sunkún, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, èmi sì jáde bí ẹni tí wọ́n ti jà lólè. Ọ̀jọ́ kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́ kẹjọ

Wọ́n ní kí n dúró di ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n máa ń ṣe fìdáù, àdúrà ìtọrọ àforíjì fún òkú. Láàárín ìgbà náà mò ń jókòó sí ọgangan ìsọ̀ Fẹ́mi ní Jànkárà, àwọn aránṣọ ń wá kí mi. Ẹnìkan á gbé búrẹ́dì àti ẹ̀wà wá, ẹlòmíràn á kàn jókòó tì mí. Wọ́n ń sọ pé kàdárà ni. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà, àwa náà ṣáà ń sọ ọ́. Mo sì wá ń kíyè sí ọ̀rọ̀ wọn. Àdúrà tí à ń gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, lèmọ́mù ní ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ló ti wá. Àlàáfíà, bẹ́ẹ̀ náà. Ìwàásù, bẹ́ẹ̀ náà. Àlùfáà tó ń ṣe ìsìn fún wa, wòlíì tí à ń ka ìwé rẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kírun ni gbogbo rẹ̀. Mo ti ń fi ẹnu wọn gbàdúrà láti kékeré, síbẹ̀ n kò lè wọ inú àdúrà tí wọ́n gbà lórí ọmọ mi. Bí mo ṣe ń mọ ìtumọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìrora náà ń le sí i. Bí n kò bá mọ̀, ǹ bá rò pé wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Wọn kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ṣe gbogbo ohun tó tọ́, ohun tó sì tọ́ náà kò ní àyè mi nínú.

Ní àárọ̀ fìdáù, agbo ilé kún. Wọ́n dín àkàrà àti mọ́sà, wọ́n sì se ìrẹsì fún gbogbo ẹni tó bá yà. Sààrà ni, wọ́n ní Ọlọ́run á kọ ẹ̀san rẹ̀ fún òkú. Mo jẹ ẹ́. Ọ̀jọ́ kò jẹ ẹ́. Ó ní oúnjẹ tí wọ́n ti ka nǹkan sí kò ní í wọ inú òun. Ó jókòó tì mí lórí ẹní, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri.

Lèmọ́mù ka Àlùkùránì, àwọn yòókù ń gbè é. Nígbà tó dé ibi àdúrà, ó ń fi Yorùbá sọ ọ́ kí gbogbo wa lè gbọ́. Ó ní, "Ọlọ́run, foríjin Súlèmánù ọmọ Àbúdùláì. Ọlọ́run, fi Àlùjánńà kẹ́ Súlèmánù ọmọ Àbúdùláì." Wọ́n ń ṣe àmín. Mo tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, mo bi Àlàájì pé ta ni Àbúdùláì.

Ojú tì í. Ó rọra wí fún mi pé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ládùúgbò náà nìyẹn, bí ẹnìkan bá wọ ẹ̀sìn tí bàbá rẹ̀ kò sì ní orúkọ níbẹ̀. Ó ní, "Ẹrú Ọlọ́run ló túmọ̀ sí, Bàbá. Kò sẹ́ni tí ò lè jẹ́ ẹ. A ò fi rẹ́ yín jẹ o." Mo gbọ́ ọ yé. Wọ́n ti gba òkú rẹ̀, mo gbà. Wọ́n ti gba ibojì rẹ̀, mo gbà. Mo wá jókòó lórí ẹní wọn, mo ń gbọ́ tí wọ́n ń fi ọmọ mi fún ọkùnrin tí kò sí.

Lèmọ́mù parí, ó wo àárín èrò. Ó ní kí àwọn ẹbí òkú jáde síwájú kí wọ́n ṣe àdúrà fún wọn. Àwọn tó wá láti ọ̀nà jíjìn kò mọ̀ mí. Bàbá arúgbó kan níwájú gbé ohùn sókè, ó ní, "Àbúdùláì, bàbá Súlèmánù, ṣé wọ́n ṣì wà láyé? Àbí wọn ò wá ni?"

Àlàájì ń wò mí. Mo gbé ẹsẹ̀. Ọ̀jọ́ di aṣọ mi mú láti ẹ̀yìn, ó sì wí lábẹ́ ẹnu pé, "Jókòó. Bí o bá dìde pẹ́nrẹ́n, wọ́n á gbọ́ ní ulé. Ìjọ ò ní í gbà ọ́ mọ́."

Mo já aṣọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo dìde dúró láàárín gbogbo wọn.

Mo ní, "Èmi ni."